Ìpàdé Tí Ẹnikẹ́ni Kò Pè Lé Mi Lórí

Ẹ kò ní rí orúkọ mi lórí àpilẹ̀kọ yìí. Kì í ṣe pé mò ń sá fún ẹnikẹ́ni: ìyá mi mọ̀, àwọn ọmọ mi mọ̀, pásítọ̀ mi náà mọ̀. Ó wà nínú ìlànà ẹgbẹ́ tí mò ń bá ṣe pé bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ẹgbẹ́ nínú ìwé ìròyìn, lórí rédíò tàbí nínú fíìmù, kí a fi orúkọ àti àwòrán ara wa sílé. Wọn ò fẹ́ kí ẹnì kan sọ ara rẹ̀ di gbajúmọ̀ ẹgbẹ́ lónìí, kó lọ mutí yó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí gbogbo ayé wá máa wí pé, "Ẹ ò rí i, irọ́ ni wọ́n ń pa." Ohun tí mo lè sọ ni pé ọmọ Iléṣà ni mí, obìnrin ni mí, mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, mo sì ń ṣiṣẹ́ òru nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọtí ti di bárakú fún mi rí. Mi ò mu ún mọ́.

Kí n tó mọ̀ pé irú ìpàdé tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí wà, ìpàdé ti pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ mi. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pe ti ẹbí. Wọ́n fi fóònù so Iléṣà, Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà pọ̀, wọ́n bá mi wí lọ́wọ́ kan. Ṣọ́ọ̀ṣì pe tiwọn, wọ́n gbààwẹ̀, wọ́n ta òróró sí mi lórí. Àwọn ọ̀rẹ́ tí a jọ ń dáṣọ náà pe tiwọn, wọ́n ní mò ń dójú tì wọ́n lóde. Mi ò ní kí wọ́n má gbàdúrà fún mi o. Ṣọ́ọ̀ṣì yẹn náà ni mo ṣì ń lọ. Àmọ́ nínú gbogbo ìpàdé wọ̀nyẹn, èmi ni ẹjọ́ tí wọ́n ń rò, èmi yìí kan náà ni n kò sì lè sọ òótọ́ níbẹ̀. Bí ẹni tí kò mutí rí bá bi ọ́ pé kí ló dé tí o ò kàn jáwọ́, kí lo fẹ́ sọ? Ìwọ alára ò mọ̀ ọ́n. Wàá ní o ti jáwọ́. Wọ́n á ní ògo ni f'Ólúwa, wọ́n á pín jíjẹ mímu, oníkálukú á gba ilé rẹ̀ lọ, ìwọ náà á délé, wàá ṣí kọ́bọ́ọ̀dù.

Bíráńdì ni tèmi. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ òru dé láàárọ̀, tí àwọn ẹlòmíì ń jẹ ògì, èmi á ti máa bu tèmi sínú ife tíì. Àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí èèyàn má mu ju yúníìtì 14 lọ lọ́sẹ̀ kan. Ìgò bíráńdì kan tó jẹ́ sẹ̀ǹtílítà 70, tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún, yúníìtì 28 ló wà nínú rẹ̀. Ti ọ̀sẹ̀ méjì gbáko nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n fi mọ síbẹ̀ pé tèmi kì í rí ọ̀sẹ̀ méjì. Kò sì sí ẹni tó tètè fura, torí lọ́dọ̀ wa, ọkùnrin tó mutí yó ni wọ́n ń fi ṣẹ̀fẹ̀. Bó bá jẹ́ obìnrin, wọ́n á ní ayé ló ń ṣe é, wọ́n á wá ẹni tí wọn yóò dì í rù.

Ìtàn bí ìpàdé wa ṣe bẹ̀rẹ̀ ló jẹ́ kí n gbà pé ó yàtọ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1935, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Bill Wilson, tó ń ṣòwò ìpín ìdókòwò ní New York, bá òwò kan dé ìlú Akron ní ìpínlẹ̀ Ohio. Òwò náà fọ́. Ó ku òun nìkan sí òtẹ́ẹ̀lì Mayflower láìsí ọ̀rẹ́, láìsí owó gidi lápò. Ọ̀mùtí paraku ni, ó sì ti tó nǹkan bí oṣù márùn-ún tó ti fi ọtí kan ẹnu gbẹ̀yìn. Nínú gbọ̀ngán àbáwọlé òtẹ́ẹ̀lì níbi tó dúró sí, ó ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn tó wà nínú báà. Ní apá kejì, fóònù wà níbẹ̀, àti pátákó tí wọ́n kọ orúkọ àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ìlú náà sí. Ó lọ sídìí fóònù. Kì í ṣe àdúrà ló ní kí wọ́n gbà fún òun. Ó ní kí wọ́n bá òun wá ọ̀mùtí kan tí òun lè bá sọ̀rọ̀.

Láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì, wọ́n darí rẹ̀ sí obìnrin kan, Henrietta Seiberling, òun ló sì ránṣẹ́ pe Robert Smith, dókítà oníṣẹ́ abẹ tí ọtí ń ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Àyájọ́ ọjọ́ àwọn ìyá ni wọ́n pàdé. Smith ti mu àmuyó lọ́jọ́ tó ṣáájú, orí ń fọ́ ọ, ó ní òun ò ní lò ju ìṣẹ́jú 15 lọ. Nǹkan bí wákàtí mẹ́fà ni wọ́n lò. Ẹ má gbàgbé pé dókítà ni ọkùnrin yìí. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ sọ fún un nípa ohun tí ọtí ń ṣe nínú ara tí kò mọ̀. Ó ti ń bá ẹgbẹ́ àdúrà lọ fún ọdún bíi méjì, ìyàwó rẹ̀ ti bẹ̀ ẹ́ tì. Àmọ́ àlejò yìí kò bá a wí. Ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ló ń sọ: bí òun ṣe ń purọ́, bí òun ṣe ń jí owó inú pọ́ọ̀sì ìyàwó, bí ẹ̀rù ṣe ń ba òun báyìí tí òun jókòó. Àlejò ló nílò ẹni tó gba àlejò. Smith ṣì mutí lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn náà, àmọ́ 10 oṣù Kẹfà 1935 ni wọ́n kà sí ọjọ́ tó mu ife tó kẹ́yìn láyé rẹ̀, ọjọ́ yẹn náà ni ẹgbẹ́ Alcoholics Anonymous, tí gbogbo wa ń pè ní AA, fi ń ṣe ọjọ́ ìbí.

Ìyókù ìtàn náà kò gùn. Wọ́n tẹ ìwé ẹgbẹ́ náà jáde ní 1939. Ní oṣù Kẹta 1941, ìwé ìròyìn Saturday Evening Post kọ nípa wọn, iye wọn sì ti nǹkan bíi 2,000 fò dé nǹkan bíi 8,000 kí ọdún náà tó parí. Ní 1947 ni àwọn mélòó kan kọ́kọ́ péjọ ní Lọ́ńdọ̀nù, nínú òtẹ́ẹ̀lì Dorchester, ibi tí agbára mi ò ká owó yàrá òru kan. Lónìí, wọ́n ti wà ní orílẹ̀-èdè bíi 180.

Ó yá, báwo lèèyàn ṣe ń rí ìpàdé? Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àdírẹ́sì kọ́ ni ìṣòro. AA ní nọ́ńbà fóònù tí ẹ lè pè lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn tó sì ń gbé e kì í ṣe òṣìṣẹ́ olówó oṣù; àwọn tó ti mutí gbé ara wọn dálẹ̀ rí ni wọ́n, tí wọ́n yọ̀ǹda àkókò wọn. Wọn ò ní fi dandan bi yín ní orúkọ. Bí ẹnu yín ò bá gbà á láti bá èèyàn sọ̀rọ̀, ẹ ṣí ìkànnì ẹgbẹ́ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ tẹ póòsìkóòdù yín sí i, yóò to àwọn ìpàdé tó wà nítòsí sílẹ̀ fún yín, tàárọ̀, tọ̀sán, talẹ́. Kò sí ìwé tí ẹ máa kún, kò sí lẹ́tà dókítà, kò sí owó ìwọlé. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ di ọmọ ẹgbẹ́ ni pé kó wù ú láti jáwọ́ nínú ọtí. Kì í ṣe pé kó ti jáwọ́ o. Kó ṣáà wù ú.

Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ àdírẹ́sì náà dáadáa kí ẹ tó wọkọ̀. Àwọn ìpàdé kan ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé: ọkọ, ìyàwó, akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì, ẹni tó kàn fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Àwọn kan sì wà tí ilẹ̀kùn wọn kò ṣí fún ẹlòmíì yàtọ̀ sí ẹni tó fẹ́ jáwọ́. Àwọn kan jẹ́ ti obìnrin nìkan. Wọ́n máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ bí kẹ̀kẹ́ aláìlera bá lè wọlé tàbí bó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń ṣe é. Kí ẹ sì wo ọjọ́ ìsinmi ìjọba. Mo ti rí ẹni tó fi ìgboyà ọdún kan dé gbọ̀ngán tó bá kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu rẹ̀ nítorí ọjọ́ Àjíǹde.

Ìbéèrè tí àwọn èèyàn wa máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé ta ni yóò rí mi níbẹ̀. Mo mọ ìbéèrè yẹn dáadáa. Nígbà tí mò ń gbé ní Thamesmead, mo rí ìpàdé lóríṣiríṣi ní Woolwich àti Plumstead, mo ní ó tì. Bí o bá sín lọ́jà Woolwich, ẹni mẹ́ta ni yóò fi Yorùbá kí ọ pẹ̀lẹ́. Ni mo bá wọ ọkọ̀ ojú omi Woolwich, tí kì í gba owó lọ́wọ́ èrò, mo rékọjá odò Thames sí òdìkejì, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ mí. Yorùbá ló ṣílẹ̀kùn fún mi. N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lónìí, èmi náà wà lára àwọn tó ń ṣílẹ̀kùn, mo sì ti mọ àwọn tó ń bọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti òkèèrè. Ẹni náà á wo fóònù rẹ̀, á wo nọ́ńbà ilé, á kọjá lọ. Á padà. Gbọ̀ngán ṣọ́ọ̀ṣì ni púpọ̀ nínú àwọn ìpàdé wa ti ń wáyé, pátákó sì máa ń wà níta tí wọ́n lẹ ìkéde jẹ́lé-ó-sinmi mọ́; ẹni náà á dúró níbẹ̀, á máa ka ìkéde jẹ́lé-ó-sinmi bí ẹni tó bímọ láìpẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irun orí rẹ̀ ti funfun. N kì í lọ dì í mú. Màá kàn yọjú, màá ní, "Tíì wà nínú ilé o." Bó bá fẹ́, á wọlé. Bí kò bá fẹ́, ó ti mọ ọ̀nà.

Nínú ilé, àga ni wọ́n tò yípo tàbí ní ìlà. Tíì wà, bísíkíìtì wà, ó sì lè jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tíì tó burú jù lágbàáyé. Akọ̀wé á kí gbogbo èèyàn, á ka ọ̀rọ̀ ìṣáájú kúkúrú tó sọ ohun tí ẹgbẹ́ jẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹnì kan á sọ ìtàn ara rẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20: bí ọtí ṣe rí fún un, ohun tó ṣẹlẹ̀, bí nǹkan ṣe rí báyìí. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ á sọ ọ́. Á dá orúkọ rẹ̀, á ní ọtí ti di bárakú fún òun, gbogbo ilé á sì kí i pẹ̀lú orúkọ náà. Ẹnì kan ò gbọdọ̀ já lu ẹnì kejì, ẹnì kan ò gbọdọ̀ dá ẹnì kejì lóhùn, ẹnì kan ò gbọdọ̀ sọ pé, "Tó bá jẹ́ èmi ni." Èyí ló le jù fún wa, Yorùbá tí a fẹ́ràn ìmọ̀ràn. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni mo fi ń gé ètè jẹ. Bí wọ́n bá nawọ́ sí yín pé ó kàn yín, ẹ lè ní ẹ fẹ́ gbọ́ ni, ẹ ò fẹ́ sọ. Wọ́n á kọjá sí ẹlòmíì láìbínú.

Ohun tí a bá gbọ́ níbẹ̀, ibẹ̀ là ń fi í sí. Nítorí náà ohun tó lè wúlò jù fún yín nínú ìròyìn mi ni n kò ní lè sọ. Mo lè sọ èyí: ní alẹ́ tí mo kọ́kọ́ dé, obìnrin òyìnbó kan sọ ibi tó máa ń fi ìgò rẹ̀ pamọ́ sí nínú ilé. N kò ní dárúkọ ibẹ̀ fún yín, àmọ́ ibẹ̀ gan-an ni ìgò tèmi wà ní wákàtí yẹn. Mo ti rò pé èmi nìkan ló gbọ́n tó bẹ́ẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín sókè, ojú tì mí, ìgbà tí mo wo ẹ̀gbẹ́ mi, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó lè rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ nínú ìpàdé ẹ̀gbọ́n mi.

Owó ńkọ́? Wọ́n máa ń gbé àpò tàbí agbọ̀n kékeré kiri fún owó gbọ̀ngán àti owó tíì. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, wọ́n máa ń ní kó má wulẹ̀ fi nǹkan kan síbẹ̀. Ẹgbẹ́ kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́, bó ti wù kó lówó tó. Ní 1938, wọ́n lọ bá John D. Rockefeller kékeré, ọ̀kan nínú àwọn olówó Amẹ́ríkà, pé kó ràn wọ́n lọ́wọ́. Ó fi 5,000 dọ́là sílẹ̀, ó ní owó lè ba nǹkan yìí jẹ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́, mo ní ahun ni. Mo ti rí ohun tí owó fi ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe láti ìgbà náà, mo sì ti gbà fún un.

Orúkọ nìkan là ń jẹ́ níbẹ̀. Kò sí olóyè, kò sí Alhaja, kò sí ajíhìnrere, kò sí dókítà. Wọ́n ní kí n máa pe baba ẹni àádọ́rin ọdún ní orúkọ rẹ̀ gbọrọgàdà. Ti àwọn òyìnbó ò le, ó mọ́ wọn lára. Àmọ́ bó bá jẹ́ Yorùbá ló wọlé, tó sì jù mí lọ, ẹnu mi ò gbà á títí di òní. "Bùrọ̀dá" ni mò ń pè é, òun náà á ní "Àǹtí", àwọn òyìnbó á rò pé orúkọ wa nìyẹn. Ẹ má rò pé nǹkan kékeré ni kí èèyàn fi oyè sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Mo mọ ohun tó ń ná wọn. Oyè ni wọ́n fi ń bo ọtí mọ́lẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá.

Ṣé ṣọ́ọ̀ṣì wá ni? Rárá o, gbọ̀ngán ṣọ́ọ̀ṣì ni a kàn ń háyà. Òótọ́ ni pé ìgbésẹ̀ méjìlá tí ẹgbẹ́ fi ń ṣiṣẹ́ dárúkọ Ọlọ́run, àmọ́ wọ́n fi kún un pé Ọlọ́run bí oníkálukú ṣe mọ̀ ọ́n. Mùsùlùmí wà láàárín wa, aláìgbàgbọ́ wà pẹ̀lú. Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ni kí èèyàn gbà pé agbára òun ò ká ọtí mọ́. Àwọn tó wà láàárín ní kí o kọ ìṣe rẹ sílẹ̀ láìyọ nǹkan kan, kí o kà á fún ẹnì kan, kí o sì lọ tún ohun tí o bàjẹ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn ṣe níbi tó bá ṣeé ṣe. Mo ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí apá yẹn, àmọ́ iṣẹ́ ọdún ni, kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Nígbà tí mò ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ìgbésẹ̀ wọ̀nyí, Ọbàtálá ló ń sọ sí mi lọ́kàn. Gbogbo wa la gbọ́ ìtàn náà ní kékeré: wọ́n rán an láti wá dá ayé, ó mu ẹmu lọ́nà, ó sùn lọ, Odùduwà gbé ẹrù iṣẹ́ lọ. Ibi tí a ti ń rẹ́rìn-ín ni a máa ń dúró sí. Ohun tó tẹ̀ lé e ni mo wá rí nígbà tí mo dàgbà: ẹmu di èèwọ̀ rẹ̀, gbogbo àwọn tó ń bọ ọ́ sì bá a pa èèwọ̀ náà mọ́. Wọn ò fi í ṣẹ̀sín, wọn ò sì fi í sílẹ̀ lóun nìkan kó máa pa á mọ́.

Bí ẹ bá ti lọ bí ìgbà mélòó kan, ẹnì kan á fún yín ní nọ́ńbà rẹ̀. Ẹ gbà á, kí ẹ sì pè é, kódà bí ẹ kò bá ní ọ̀rọ̀ kan pàtó. Púpọ̀ nínú wa tún ní ẹnì kan tó ti pẹ́ ju wa lọ nínú ẹgbẹ́, tó ń mú wa la àwọn ìgbésẹ̀ náà kọjá; ọ̀fẹ́ ni, kì í ṣe ọ̀gá, kì í ṣe wòlíì. Tèmi ni mo pè láti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ níbi ìnáwó kan ní Dagenham, nígbà tí wọ́n ti gbé ìgò mẹ́ta kalẹ̀ sórí tábìlì wa. Ó ní kí n mu mọ́ọ̀tì tútù, kí n jẹun yó, kí n sì lọ sílé kí eré tó gbóná. Ẹ̀yin tí ẹ mọ òde wa, ẹ mọ̀ pé ibẹ̀ ni ogun wà. Ọtí wà nínú ìsọmọlórúkọ wa, ó wà nínú ìdána, ó wà níbi òkú àgbà. Bí obìnrin bá ní òun ò mu, wọ́n á wo ikùn rẹ̀ bóyá ó lóyún. Ní ọjọ́ orí mi yìí, wọn ò lè wo ikùn mọ́, nítorí náà mo máa ń ní dókítà ní kí n má mu. Irọ́ kọ́.

Dókítà gan-an ló kàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ibí yìí lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ bá ń mu lójoojúmọ́, tó sì jẹ́ pé bí ilẹ̀ bá mọ́ ọwọ́ yín á máa gbọ̀n títí ẹ ó fi mu, ẹ má dá jáwọ́ lójijì. Ara ti mọ́ ọtí. Láàárín wákàtí mélòó kan sí ọjọ́ méjì, gìrì lè mú èèyàn. Bó bá di ọjọ́ kejì tàbí ẹ̀kẹta, ó lè máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀, ara á gbóná, á máa làágùn, kò ní mọ ibi tó wà. Ó ń pani. Ibẹ̀ gan-an ni àwọn èèyàn wa ti máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ náà ti di ti ẹ̀mí, tí wọ́n á gbé ẹni tó yẹ kó wà nílé ìwòsàn lọ sórí òkè. Oògùn wà tí dókítà lè fún un, tí wọ́n á máa dín in kù díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú fítámì B1 tó ń dáàbò bo ọpọlọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú náà. Àwọn oògùn mìíràn wà bíi naltrexone àti acamprosate tó ń ran èèyàn lọ́wọ́ kó má padà sídìí ìgò. Ìpàdé kì í ṣe ilé ìwòsàn, ilé ìwòsàn kì í sì í ṣe ìpàdé. Èmi lo méjèèjì.

Fún ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni à ń sọ níbẹ̀: ní 2020, àwọn onímọ̀ mẹ́ta, John Kelly, Keith Humphreys àti Marica Ferri, gbé àbọ̀ iṣẹ́ kan jáde lábẹ́ Cochrane, àjọ tó ń yẹ ìwádìí ìṣègùn wò. Ìwádìí 27 ni wọ́n kó jọ, tí èèyàn tó lé ní 10,000 kópa nínú wọn. Wọ́n rí i pé ètò ìtọ́jú tó bá ń fa èèyàn wọ inú AA ṣiṣẹ́ ju àwọn ìtọ́jú mìíràn tí wọ́n fi wé e lọ láti mú kí èèyàn jáwọ́ pátápátá. Lórí àwọn nǹkan mìíràn, wọ́n jọ dọ́gba. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló bá lára mu o. Ìpàdé mìíràn náà wà, bíi SMART Recovery, tí kì í dárúkọ Ọlọ́run rárá.

Nílé ńkọ́? Àbúrò mi kan bi mí bẹ́ẹ̀ láti Òṣogbo, ó ní, "Àǹtí mi, gbogbo èyí tẹ́ ẹ sọ yìí, òyìnbó ló ni ín." Mo ní kó rántí ilé ìwòsàn Aro. Ní Abẹ́òkúta, láti 1954, Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ ìlú náà, mú àwọn tí orí wọn dàrú jáde kúrò lẹ́yìn ògiri, ó ní kí wọ́n máa gbé láàárín àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, pẹ̀lú ìbátan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kí wọ́n máa ti ibẹ̀ wá gba ìtọ́jú. Ó ti mọ̀ pé èèyàn kì í dá nìkan yá. Aro wà níbẹ̀ lónìí, ó ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú àwọn tí ọtí àti oògùn olóró ti di bárakú fún. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ti Yábàá ní Èkó náà wà. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bèèrè ìpàdé tó wà nítòsí yín.

Ìpàdé ojúkojú kò pọ̀ nílé bíi tibí, n kò ní parọ́ fún yín, ọtí sì súnmọ́ èèyàn ju tibí lọ. Ní oṣù Kejì 2024, NAFDAC, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ sí í fòfin de ọtí inú ọ̀rá àti ti inú ike kékeré tí kò tó mílílítà 200, àríyànjiyàn sì ti ń lọ lórí rẹ̀ láti ìgbà náà. Àwọn tó ń pọn ọ́n ní iṣẹ́ yóò bọ́ lọ́wọ́ èèyàn. Ó ṣeé ṣe. Èmi mọ ohun tó túmọ̀ sí kí aláparaga ti jókòó sí ibùdókọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹni tó bá ní fóònù àti dátà lè wọ ìpàdé orí íntánẹ́ẹ̀tì, tó gbilẹ̀ gan-an láti ìgbà kòrónà ní 2020. Bó bá jẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, aago tiwa àti ti Nàìjíríà dọ́gba. Bó bá di ìgbà òtútù, ẹ fi wákàtí kan ṣáájú wa. Ẹ lè pa àwòrán yín, kí ẹ má fi ojú hàn. Ẹ lo gbohùngbohùn etí, torí ará ilé.

Ará ilé náà ní tirẹ̀. Al-Anon ni wọ́n ń pè é, Lois, ìyàwó Bill Wilson, wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ ní 1951. Ọkọ, ìyàwó, ìyá, ọmọ ọ̀mùtí ló ń lọ síbẹ̀, kì í sì í ṣe láti kọ́ bí wọ́n ṣe máa mú ọ̀mùtí wọn jáwọ́. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń pe ìpàdé ẹbí ni mo júwe rẹ̀ fún. Kò tíì lọ.

Bí kò bá sí ìpàdé kankan nílùú yín, ìlànà ẹgbẹ́ gbà kí ẹni méjì tàbí mẹ́ta tó fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí péjọ, kí wọ́n pe ara wọn ní ẹgbẹ́ AA, níwọ̀n ìgbà tí wọn ò bá ti so ó mọ́ ẹgbẹ́ mìíràn. Ẹ mú ọjọ́ kan, ẹ mú aago kan, ẹ má yẹ̀ ẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló wá. Kíláàsì ilé ìwé lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti lọ dára. Yàrá ìpàdé àwọn onílé àdúgbò dára. Ilé pásítọ̀ tàbí ti lèmọ́mù kò dára tó, torí Mùsùlùmí ò ní wọ ọ̀kan, Kìrìsìtẹ́nì ò ní wọ èkejì. Ilé olóyè ni kí ẹ má dé rárá: ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbé ṣínáàpù kalẹ̀ kí wọ́n tó bi àlejò pé kí ló gbé e wá.